Lẹ́yìn Ìlù Snare Àtijọ́: Láti Chicago Dé Covington

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ ni mo mú fún ìrìn-àjò yìí, mo sì ní ìdí. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni wọ́n ń ná ọjà àlòkù ńlá ní Shipshewana, ní Indiana. Láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ títí dé ọjọ́ Àìkú, àwọn tó ń gbé lẹ́bàá òpópónà US 127 àti ọ̀nà tó tẹ̀ lé e náà a máa kó ẹrù àlòkù síta, láti Addison ní Michigan títí dé Gadsden ní Alabama, ọ̀nà tó gùn tó 690 máìlì. Ó ti wà láti 1987. Ẹni tó bá ń wá ìlù àtijọ́ lè ná ọjà méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, kó sì gba àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ìlù wọ̀nyí kọjá. Ìyẹn ló wù mí jù. Tí mo bá gbé ìlù snare Amẹ́ríkà àtijọ́ (ìlù olójú méjì tí wáyà wà lábẹ́ rẹ̀) lọ́wọ́, orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sára báàjì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Chicago ló ni ọkọ̀, òun ló sì wà á. Kì í ṣe onílù, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà ná.

Ọjọ́ Ajé, Chicago

Kí oòrùn tó mú la ti dé 1728 North Damen Avenue. Ilé bíríkì ńlá ni, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé gbígbé. Ibẹ̀ ni William F. Ludwig ti tún ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1937. Òun àti Theobald àbúrò rẹ̀ ló dá Ludwig & Ludwig sílẹ̀ ní Chicago ní 1909. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 mú Theobald lọ. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ C. G. Conn, ilé-iṣẹ́ ohun èlò orin, wọ́n sì kó iṣẹ́ lọ sí Elkhart ní Indiana. Nígbà tí William kúrò lọ́dọ̀ wọn tó wá dá dúró ní Damen, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi Ludwig pe ìlù rẹ̀ mọ́, Conn ló ni orúkọ náà. Ló bá ń kọ WFL sára báàjì. Ọdún 1955 ló tó rí orúkọ náà rà padà.

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. "Orúkọ bàbá ẹni, kéèyàn máa fowó rà á?"

Ẹ fi ìtàn yẹn sọ́kàn, ó wúlò lójà. Báàjì tó bá kọ WFL àti Chicago kò lè ṣáájú 1937. Ludwig & Ludwig tó bá kọ Elkhart, ẹ̀yìn 1930 ló ti wá. Èyí tó bá kọ Leedy (ilé-iṣẹ́ ìlù míràn tí Conn rà) & Ludwig pọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni, kí Conn tó ta àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1955: orúkọ Ludwig padà sílé, Slingerland, ilé-iṣẹ́ ìlù Chicago mìíràn, sì ra Leedy. Slingerland fúnra rẹ̀, tó bá kọ Chicago, kó tó di 1960 ni. Tó bá kọ Niles, wọ́n ti ṣí kúrò láàárín ìlú nìyẹn.

Ilé tó wà ní Damen yìí náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1964, nígbà tí Ringo Starr, onílù ẹgbẹ́ Beatles, jókòó sẹ́yìn Ludwig rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo Amẹ́ríkà sì rí orúkọ tó wà lára ìlù náà. Ìdí nìyí tí Ludwig àwọn ọdún 1960 fi pọ̀ káàkiri. Kì í ṣe gbogbo ohun tó pẹ́ ló ṣọ̀wọ́n, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á pariwo tó.

Lọ́sàn-án, a lọ bá ọkùnrin kan tó ní Supraphonic, irú ìlù snare Ludwig kan, fún títà. Ó ní idẹ ni, ó ní ti 1962 ni, dọ́là 1,200 ló ń bèèrè. Ìlù tó ń sọ yìí wà lóòótọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Ludwig fi idẹ ṣe Supraphonic, wọ́n sì kùn ún ní kúróòmù. Nígbà tó di nǹkan bí 1963, wọ́n bọ́ sórí aluminíọ̀mù. Nítorí náà ni ti idẹ fi wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé e, ó ti fúyẹ́ jù. Báàjì rẹ̀ ní nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìparí 1963 ni Ludwig tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà sára báàjì. Kúróòmù rẹ̀ ti ń hó ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, àrùn tí ń ṣe aluminíọ̀mù nìyẹn, kúróòmù kì í fẹ́ dì mọ́ ọn dáadáa.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n tú lug kan ṣoṣo?"

Ó gbà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí ìdè lug náà (irin kékeré ẹ̀gbẹ́ ìlù tó ń bá wọn fa awọ le) gbà wọlé. Tó bá jẹ́ idẹ ni, ẹnu ihò yẹn á pọ́n yẹ́lò. Funfun ni ti èyí. (Òòfà kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí o, torí kò ní í gbá idẹ mú, kò sì ní í gbá aluminíọ̀mù mú. Irin nìkan ló ń tú fó.) Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní ohun tí ẹni tó tà á fún òun sọ lòun náà ń sọ. Mo gbà á gbọ́. Ó sọ ọ́ di dọ́là 450, ṣùgbọ́n kúróòmù yẹn ti bàjẹ́ ju ohun tí mo lè gbé lọ, mo dúpẹ́, a sì lọ.

Lálẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ro àmàlà, ó sì se mọ́ínmọ́ín púpọ̀ tí a ó gbé dání. Mo to àpò mi: kọ́kọ́rọ́ ìlù, sukudíráfà, tépù, tọ́ọ̀ṣì kékeré, òòfà, aṣọ ìnulẹ̀ tó rọ̀, àti owó wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Elkhart àti Shipshewana

Ẹ rántí pé aago Elkhart fi wákàtí kan ṣáájú ti Chicago. Ẹni tó bá fẹ́ dé ọjà ní aago mẹ́jọ gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí aago márùn-ún Chicago tó lù.

A ò pẹ́ ní Elkhart. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò orin láti ayé Conn ni, ṣùgbọ́n ẹni tí mo ń rò bí a ṣe ń la ìlú náà kọjá ni George Way. Ó ti bá Leedy tajà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Àwọn onípìn-ín gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Camco. Lug róbótó tó wà lára ìlù DW lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ìlù snare tó kọ orúkọ George Way gan-an ṣọ̀wọ́n púpọ̀, torí ilé-iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá. N kò tíì fọwọ́ kan ẹyọ kan rí.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn Amish, àwọn Kristẹni tí kì í wa mọ́tò, la bá lójú ọ̀nà bí a ṣe ń súnmọ́ Shipshewana. Ẹ rọra sáré, ẹ má fun fèrè sí ẹṣin. Ọjà náà tóbi, oòrùn sì mú. A rìn títí, ohun tí mo rí kò ju páálí kan tí ìdè àti lug àtijọ́ kún inú rẹ̀. Lug Slingerland wà níbẹ̀, àti rim (òrùka ẹnu ìlù) onídẹ kan tó ti tẹ̀. Dọ́là 15. Ẹ má fojú di irú páálí bẹ́ẹ̀. Lug kan ṣoṣo tó sọnù lè sọ ìlù tó dára di èyí tí kò sẹ́ni tó máa rà, ẹ̀dà tuntun kì í sì í bá a mu.

Oúnjẹ àwọn Amish: wọ́n da noodles sórí ọ̀dùnkún gígún, wọ́n wá fi adìyẹ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ata kò sí níbẹ̀, ó sì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́rú, gbàǹjo ní Shipshewana

Wọ́n máa ń lu ohun àtijọ́ ní gbàǹjo níbẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Olùlù-gbàǹjo kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń tà nínú gbọ̀ngán kan lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn ń gba orí ara wọn kọjá, nítorí náà ẹ lọ ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnì kan lè dúró ti ọ̀hún nígbà tí ẹnì kejì ń ṣọ́ ìhín. Ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà, kí ẹ sì wo ẹrù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àsìkò wíwo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ìlù dúdú kan wà lórí tábìlì, wọ́n fín òdòdó sí i lára yípo. Ọkàn mi sáré. Ní àwọn ọdún 1920, Ludwig ṣe ìlù onídẹ kan tí wọ́n kùn ní nickel dúdú, tí oníṣẹ́ ọwọ́ sì wá fi irinṣẹ́ fín. DeLuxe ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ọjà wọn, ṣùgbọ́n Black Beauty ni gbogbo wa ń pè é. Leedy ní tirẹ̀, Slingerland náà ní. Bí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ṣe ń la àwọ̀ ẹ̀yìn igbá kọjá kí inú rẹ̀ lè yọ, bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ náà ṣe ń la dúdú kọjá kí idẹ lè tàn lábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n fín gbọ́dọ̀ pọ́n. Ọdún lè sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀, ṣùgbọ́n idẹ ni yóò máa jẹ́.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ti orí tábìlì yìí. Dúdú ti wọnú gbogbo ìlà tí wọ́n fín. Ẹnì kan ti tún un kùn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kó lè máa dán. Mo yí i padà, mo rí ihò tuntun méjì tí wọ́n lu láti fi de ohun ìṣíwáyà (èyí tí ń fa wáyà ìsàlẹ̀ le tàbí dẹ̀ ẹ́) ìgbà ìkẹyìn mọ́ ọn. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó ṣe é kò ní èrò ibi, ó fẹ́ kó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n kíkùn yẹn ti pa ọwọ́ ẹni tó fín in rẹ́, ihò kò sì ṣeé dí padà. Tí ẹ bá ní ìlù àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ún kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpata díẹ̀ sàn ju dídán tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ. Àwọn méjì ń fi owó lé e títí tó fi dé dọ́là 900. N kò gbé ọwọ́ sókè.

Abẹ́ tábìlì kejì ni mo ti rí tèmi. Wọ́n da á pọ̀ mọ́ àtùpà àtijọ́ kan àti ohun ìgbéwèé-orin méjì, wọ́n ní ẹni tó bá rà á á kó gbogbo rẹ̀. Ìlù snare onídẹ ni, wọ́n kùn ún ní nickel, eruku bò ó. Nickel ní àwọ̀ tó gbóná díẹ̀, ó máa ń fà sí yẹ́lò bó bá ti pẹ́. Kúróòmù ló máa ń fà sí búlúù. Awọ màlúù ṣì wà lójú rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, àwọn awọ ọ̀rá kò tíì dé ọjà títí di ìparí àwọn ọdún 1950. Mo fi ọwọ́ nu báàjì rẹ̀: Leedy, Indianapolis. Ó túmọ̀ sí pé kí Conn tó kó Leedy lọ sí Elkhart ni wọ́n ti ṣe é. Mo ka ihò tó wà lára rẹ̀, gbogbo wọn ló ní iṣẹ́. Kò sí èyí tí ẹnì kan lu lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi gba nọ́ńbà lọ́wọ́ mi. "Àbúrò, ojú rẹ ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ. Lọ dúró lẹ́yìn." Dọ́là 20 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ń bá wa lé e, ẹ̀gbọ́n mi sì kíyè sí i pé kì í wo ìlù, àtùpà ló ń wò. Nígbà tó dé dọ́là 140, ó fi í sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì sanwó tó ti tọ̀ ọ́ lọ, ó sì ta àtùpà náà fún un ní dọ́là 50. Ẹ má gbàgbé owó orí ọjà ní Indiana, 7% ni, wọ́n á fi kún un.

Mo rọra dẹ awọ náà kí a tó gbé e sínú ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá gbóná tàbí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbẹ, awọ màlúù á sún kì, ó sì lè fà ya. Ọ̀dọ̀ wa nínú ọkọ̀ ló wà títí tí ìrìn-àjò fi parí, n kò gbé e sí bọ́ọ̀tù.

Ọjọ́bọ̀, US 127

A gba Fort Wayne, a bọ́ sí US 30 dé Van Wert ní Ohio, a sì yà sí gúúsù lórí 127. Láti ibẹ̀, gbogbo ojúde ilé ti di ọjà. Àwọn kan ń gba dọ́là márùn-ún fún ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọ̀pọ̀ kì í gba nǹkan kan. Owó wẹ́wẹ́ ṣe pàtàkì.

Kí a tó dé Celina, táyà ẹ̀yìn jò. Ọkọ̀ náà kò ní táyà àfirọ́pò, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré nìkan ni wọ́n kó sínú rẹ̀, táyà yìí sì ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. (Ẹ yẹ ọkọ̀ yín wò kí ẹ tó gbéra.) A dúró nínú oòrùn, àgbàdo ní ọ̀tún, àgbàdo ní òsì. Àgbẹ̀ kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kọjá, ó padà wá. Ó bá wa tú táyà náà, ó gbé e àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ó dúró dè é, ó sì gbé wọn padà. Mo na owó sí i, ó kọ̀ jálẹ̀. A fún un ní mọ́ínmọ́ín. Ó jẹ ọ̀kan tán lórí ìdúró, ó béèrè bóyá ẹyin ni, mo sọ fún un pé ẹ̀wà ni, ó sì gba òmíràn lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Òjò dé lọ́sàn-án, gbogbo ọjà di ọ̀rá bíbò. Lẹ́yìn òjò, àwọn tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ kó ẹrù padà wọlé mọ́, owó sì máa ń wálẹ̀. Àsìkò yẹn ni mo rí Acrolite kan: Ludwig náà ló ṣe é, aluminíọ̀mù tí wọn kò kùn ní kúróòmù, lug mẹ́jọ, ìlù tí wọ́n ń tà fún ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ sí i lára. Dọ́là 60 ni obìnrin náà pè é, mo san 45. Kò ṣọ̀wọ́n. Ohùn rẹ̀ ni mo rà, ó gbẹ, ó sì ń sọ̀rọ̀ kedere bí wọ́n tilẹ̀ rọra lù ú. Nọ́ńbà náà á wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Greenville àti Covington

Ní Greenville, a jẹun ní Maid-Rite. Ẹran lílọ̀ nínú búrẹ́dì, ó dùn, kò sì wọ́n. Ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàárà ti jẹ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri bíríkì ìta rẹ̀ káàkiri. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ súnmọ́ ògiri yẹn rárá.

US 36 gba ibẹ̀ lọ sí Covington, kò tó ogún máìlì. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni Henry Grossman kó ilé-iṣẹ́ ìlù Rogers wá lẹ́yìn tó rà á ní 1953. Ìlù tí mo fẹ́ràn jù láyé, Dyna-Sonic, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Lára ìlù snare yòókù, bí èèyàn bá ti fa wáyà ìsàlẹ̀ le, á máa tẹ awọ mọ́lẹ̀, awọ kò sì ní lè mì dáadáa. Àwọn ará Rogers wá ṣe férémù kan tí wáyà ti le sórí ara rẹ̀, tí gbogbo férémù náà sì kàn ń fara kan awọ. Èèyàn lè fa wáyà bó ṣe fẹ́, awọ á ṣì máa mí. Idẹ tí wọ́n kùn ní kúróòmù ni èyí tó wọ́pọ̀ jù. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo lug rẹ̀: ti àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ó máa ń là ní ẹ̀gbẹ́, nǹkan bí 1964 ni wọ́n rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó nípọn. CBS, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1966, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ fi kúrò ní Ohio lọ sí California.

Abèèrè kì í ṣìnà. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ni mo ń bi. Ọkùnrin kan ní ilé epo darí wa sọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tó tẹ́ ọjà sábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀. Kò sí ìlù lórí tábìlì rẹ̀. Mo kí i, mo ní, "Mà, wọ́n ní ẹ mọ̀ nípa ìlù Rogers." Ó wò mí, ó ní ọkọ òun tó ti dolóògbé ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó wọlé, ó pẹ́, ó sì gbé Dyna-Sonic kan jáde nínú àpò ìrọ̀rí.

Mo gbé e kalẹ̀ lórí koríko. Ó wúwo. Lug rẹ̀ pé, kò sí èyí tó là, kúróòmù rẹ̀ mọ́ bí kò tilẹ̀ dán. Mo dojú rẹ̀ dé láti wo ìsàlẹ̀: férémù kò sí. Ohun ìṣíwáyà wà, ṣùgbọ́n férémù àti wáyà ti lọ. Èyí ló máa ń sọnù jù lára Dyna-Sonic, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á yọ ọ́, á sì fi wáyà lásán sí i. Ìyá náà wọlé lẹ́ẹ̀kejì lọ wá a nínú àwọn dúrọ́ọ̀, kò rí i. Dọ́là 200 ló ní kí n san. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ná an, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo san án bẹ́ẹ̀, mo sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan tí mo fi sínú ìlù náà, bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó fún wa ní omi yìnyín àti èso píìṣì mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Indianapolis

US 36 gbé wa padà sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà tóóró ni ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì rọrùn lára ju òpópónà ńlá lọ. Ní gúúsù Indianapolis, a gba ìkóríta Palmer Street àti Barth Avenue kọjá, ibi tí Leedy ti ń ṣe ìlù kó tó di 1930. Ulysses Leedy fúnra rẹ̀ jẹ́ onílù tíátà. Òun ló ṣe ìdúró ìlù snare tó ṣeé gbé sókè-sódò, orí àga ni ọ̀pọ̀ onílù ń gbé snare lé kó tó dé. Ìlù tí mo rà ní Shipshewana wà lórí ẹsẹ̀ mi bí a ṣe ń kọjá.

Fún ẹni tó máa wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé: òfin Amẹ́ríkà láti 2015 gbà yín láàyè láti gbé ohun èlò orin kékeré wọ inú ọkọ̀ tó bá gba àyè òkè orí nígbà tí ẹ wọlé. Snare onínṣì 14 máa ń wọ̀ ọ́. Ẹ tètè wọlé kí àyè tó kún, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àti sukudíráfà kúrò nínú àpò rẹ̀. Leedy ni mo gbé dání. Acrolite àti Dyna-Sonic, mo dì wọ́n sínú páálí méjì tó wọnú ara wọn, ẹ̀gbọ́n mi á fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Férémù Dyna-Sonic ni mo ń wá báyìí. Ti onídẹ onínṣì 14 àwọn ọdún 1960, kódà kó má ní wáyà. Tí ẹ bá rí irin gbọọrọ méjì tí a so pọ̀ nínú páálí ohun àlòkù, tí ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó jẹ́, ẹ má jẹ́ kó lọ.